Ẹsẹ̀ Kọ̀ǹkọ̀ tí Ẹ̀gbọ́n Mi Fẹ̀

Ẹni tó bá ní ọkọ̀ tó ń wẹ̀ lódò kò dé Adó rí, ẹ ní kó wá bá mi. Mo ti jókòó nínú rẹ̀, mo ti bì sínú rẹ̀, mo sì ti gbàdúrà nínú rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ pa. Nígbà tí àwọn ológun ń múra àtigbé ìjọba fún alágbádá ni. Agbẹ̀bí ni mí nígbà náà, ní ilé ìgbẹ̀bí ìjọ Àgùdà kan, ara iṣẹ́ mi sì ni láti máa lọ sí àwọn abà tó wà lẹ́yìn odò, lọ́nà Ìjan.

Àwọn òyìnbó tó ń wọn ilẹ̀ ló fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ fún wa nígbà tí wọ́n ń lọ. Ó ti gbó kó tó kàn wá. Ó rí bí ọpọ́n ìwẹ̀ ńlá, kò ní òrùlé, kò ní ilẹ̀kùn. Táyà mẹ́fà ló ní, kúkúrú, wọ́n wú, mẹ́ta lọ́tùn-ún, mẹ́ta lósì. Ọ̀pá méjì ni awakọ̀ fi ń darí rẹ̀: bó bá fa tọ̀tún, táyà ọ̀tún á dúró, tòsì á máa lọ, ọkọ̀ á sì yà sọ́tùn-ún. Bó bá dé etí odò, kì í wá afárá. Á kàn já wọ omi, àwọn táyà yẹn á sì máa gbá omi sẹ́yìn. Kọ̀ǹkọ̀ làwọn ọmọdé ń pè é, torí ó ń gbé inú omi, ó sì ń gbé orí ilẹ̀.

Àléébù rẹ̀ ni pé ó ga, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì súnmọ́ra jù. Awakọ̀ wa, tí í ṣe ọmọ abà kan lẹ́yìn odò gan-an, ń wà á lọ sílé lọ́jọ́ kan. Ó ti la odò kọjá. Ó ń gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òdìkejì lọ nígbà tí ọkọ̀ dojú dé, tó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ẹrẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n tó rí i. Wọ́n ní ó kú lójú ẹsẹ̀, wọ́n ní kò jẹ̀rora. Mo gbà bẹ́ẹ̀, torí mo fẹ́ràn ọkùnrin náà. Tó bá ń pe èèyàn, á fa ìparí orúkọ rẹ̀ gùn bí ẹni ń kọrin. Ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ lóyún ni.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, wẹ́dà tó ń jó irin ní Fájuyì nílùú Adó, ni ilé ìgbẹ̀bí gbé Kọ̀ǹkọ̀ fún. Ó yí i po, ó tutọ́ sílẹ̀, ó ní, "Ọkọ̀ yìí pa ẹsẹ̀ pọ̀ jù, bí ọmọge tó wọ síkáàtì fífún. Ẹ jẹ́ kí n bá a fẹ̀ ẹ́." Bùrọ̀dá mi kì í gbé ẹnu rẹ̀ sílé. Ó gé páìpù irin tó nípọn, ó jó irin pẹlẹbẹ mọ́ orí méjèèjì, ó fi nọ́ọ̀tì dè é mọ́ ìdí ọ̀pá tí táyà kọ̀ọ̀kan ń yí lé lórí, kó tó wá de táyà mọ́ ọn. Báyìí ni gbogbo táyà ṣe jáde síta, lọ́tùn-ún lósì.

Ó wà á gba ẹ̀gbẹ́ òkè kọjá níṣojú mi, kò dà. Ṣùgbọ́n ó wá ń ṣòro láti yí, bí màlúù tí wọ́n ń fà lọ síbi tí kò fẹ́. Ohun tí n kò fẹ́ràn ni pé nígbàkígbà tí Bùrọ̀dá bá tú ọwọ́ sílẹ̀, apá òsì ló ń yà sí. Ó ní béárìn kan ló ń di ẹ̀gbẹ́ yẹn mú. Ó pààrọ̀ rẹ̀. Ọkọ̀ tún yà sósì. Ó pààrọ̀ ṣéènì, ó tún yà. Níkẹyìn ó dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ náà, èmi náà sì mọ̀ pé nígbà tí Bùrọ̀dá mi bá dákẹ́, nǹkan ti ṣe.

Òjò dé, odò kún. Ẹnì kan kígbe láti òdìkejì sí àwọn àgbẹ̀ tó wà níhà tiwa, wọ́n sì gun kẹ̀kẹ́ wá sọ fún wa pé ìyàwó awakọ̀ wa ti ń rọbí láti àná, ọmọ kò jáde. Kò sí awakọ̀ tó fẹ́ fọwọ́ kan Kọ̀ǹkọ̀. Bùrọ̀dá ní òun á wà á.

A la odò kọjá dé abà, mo fọwọ́ kan inú obìnrin náà. Ọmọ dábùú. Bí kò bá dé ọ̀dọ̀ dókítà lọ́jọ́ yẹn, òkú méjì la ó sin. Ṣùgbọ́n bó ṣe fojú kan Kọ̀ǹkọ̀, ó fi igbe ta: "N kò wọ̀ ọ́! Òun ló jẹ ọkọ mi!"

Ìyá ọkọ rẹ̀ ló bẹ̀ ẹ́. "Wọ̀ ọ́, ọmọ mi. Wọ́n ti fẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, kò ní dà mọ́." Ó wá kọjú sí wa. "Kí Olúwa mú yín dé ulé o."

A sọ̀ kalẹ̀ níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn. Táyà apá kan gbéra nílẹ̀, mo ní ó ti parí. Ẹsẹ̀ tí Bùrọ̀dá fẹ̀ ló gbà wá. Ọkọ̀ rọra padà sílẹ̀, a sì wọ odò.

Láàárín omi ni ẹ́ńjìnnì kú. Oòrùn wà ní àtàrí. Ẹyẹ kan kò ké, ewé kan kò mì, omi sì ń gbé wa lọ. Bùrọ̀dá ń fa okùn ẹ́ńjìnnì, kò jẹ́. Ìgbà náà ni mo gbọ́ tí ẹnì kan pe orúkọ obìnrin náà láti ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí a ti kúrò. Mo wo ẹ̀yìn. Kò séèyàn níbẹ̀. Ó tún pè é, ó fa ìparí orúkọ náà gùn.

Bí wọ́n ṣe tọ́ wa dàgbà nìyẹn: bí wọ́n bá pè ọ́ lọ́sàn-án gangan, tí o kò rí ẹni tó pè ọ́, o kò gbọdọ̀ dáhùn. Ẹni tó bá dáhùn ti gbà láti bá ẹni tó pè é lọ. Bùrọ̀dá ń mi ìka sí mi pé kí obìnrin náà má dáhùn. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ mi bo obìnrin náà lẹ́nu, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ra.

Ó gé mi jẹ. Ẹ̀jẹ̀ jáde. Ó gbé orí sókè, ó sì fi gbogbo agbára rẹ̀ kígbe: "Òo! Mo gbọ́ o! Mo gbọ́ ọ o!"

Yéè! Mo ní ó ti pa ara rẹ̀, ó ti pa ọmọ inú rẹ̀. Bùrọ̀dá fa okùn, ẹ́ńjìnnì sì dáhùn. Kò rántí di ọ̀pá méjèèjì mú, Kọ̀ǹkọ̀ sì lọ tààrà, kò yà síbì kan títí a fi gúnlẹ̀. A kò dúró títí a fi dé Adó.

Dókítà ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà, mò ń dúró kí wọ́n wá sọ fún mi pé ó ti lọ. Igbe ọmọ ni mo gbọ́. Obìnrin ni ọmọ náà.

Nígbà tí ojú ìyá rẹ̀ dá, mo bú u dáadáa. Inú ń bí mi, ẹ̀rù sì ń bà mí. "Ṣé orí rẹ pé? Ta ló ní kí o dáhùn? Ṣé o fẹ́ kú ni?"

Kò bínú. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, wọ́n purọ́ fún yín. Ọkọ mi kò kú lójú ẹsẹ̀. Mò ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn ilé lọ́jọ́ náà, mo gbọ́ tó ń pè mí. Ọ̀sán gangan ni, a kò sì rí i. Ìyá rẹ̀ ní nǹkan burúkú ló gbé ohùn ọmọ òun wọ̀. Ó fọwọ́ bò mí lẹ́nu. Ọkọ mi pè mí títí ohùn rẹ̀ fi lọ sílẹ̀. Gbogbo abà ló gbọ́. Gbogbo wa dákẹ́."

Ojú eyín rẹ̀ ṣì wà ní àtẹ́lẹwọ́ mi. Mo fi ọwọ́ náà pamọ́ sẹ́yìn.