Èmi Ni Mo Kọ́kọ́ Ṣe Òkú Náà

Ìlara ni mo fẹ́ sọ, n kò sì ní fi ewé bò ó. Lọ́jọ́ tí mo gbọ́ pé wọ́n ti tún ya fíìmù wa àtijọ́ ní tuntun, pé wọ́n sì ti fi ọ̀dọ́mọbìnrin kan rọ́pò mi, mo gbé oúnjẹ mi tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ipa tí mo kó nínú rẹ̀ kò gùn. Ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ pa ni mí, tí òkú rẹ̀ ń padà wá sílé ìdáná ní ìdájí láti lọ ata. N kò sọ ọ̀rọ̀ kankan. Màá kàn máa lọ ata, màá sì gbójú sókè díẹ̀díẹ̀ wo ọkọ mi. Abúlé kan lẹ́yìn Ẹdúnàbọ̀n la ti yà á. Kò sí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń pidán nínú fíìmù nígbà yẹn. Ògì ni wọ́n fi kùn mí lójú, wọ́n ní kí n jókòó sóòrùn kó lè gbẹ kó sì sán. Ìjàlọ ń bù mí jẹ lẹ́sẹ̀, n kò mira. Ní ti ìwò yẹn, kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Ìyá ọkọ mi gan-an, ti ilé, kì í ṣe ti fíìmù, ni mo fi ṣe àwòkọ́ṣe, kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Nígbà tí fíìmù náà jáde, bí mo bá ń bọ̀ ní Òkèrèwè, àwọn ọmọdé a sá wọlé. Ọlọ́kadà kan wojú mi ní Òkè-Ògbó, ó ní òun kò lọ síbi tí mò ń lọ, bẹ́ẹ̀ n kò tíì sọ ibi tí mò ń lọ. Ìyá tó ń fi ẹ̀rọ lọ ata ládùúgbò wa bẹ̀ mí: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ máa rán ọmọ wá. Ẹ̀yin fúnra yín, ẹ má wá.” Mo fajú ro, ṣùgbọ́n inú mi ń dùn ṣìnkìn.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí ọmọ mi obìnrin, tó ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì, ní kí n wá wo tuntun nílé òun lọ́sàn-án Sátidé, mo mú sídì ti àtijọ́ dání. Mo ní tiwa la óò kọ́kọ́ wò. “Bí ọmọdé bá láṣọ tó ti àgbà, kò lè ní àkísà tó ti àgbà.”

Ọmọ ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, jókòó tì mí. Òun ni mò ń wò, n kò wo tẹlifíṣọ̀n. Àwòrán ń ṣe bàìbàì. Bí mo ṣe gbójú sókè nínú fíìmù, ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín.

“Màmá, ògì ló wà lójú yín! Ó tún wà létí yín!”

Ìyá rẹ̀ náà ń rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ bo ẹnu. Mo bá wọn rín in, ẹ̀rín ọ̀hún sì korò lẹ́nu mi.

Wọ́n wá fi tuntun sí i. Gbogbo àléébù rẹ̀ ni mò ń kà. Obìnrin wo ló ń fi èékánná gígùn bẹ́ẹ̀ yẹn lọ ata? Ọlọ ń dá lọ ata fúnra rẹ̀, ata di ẹ̀jẹ̀, ilé ń mì. Mo ní ariwo lásán ni.

“Màmá, ẹ jẹ́ ká gbọ́ nǹkan tí wọ́n ń sọ,” ni ọmọ mi wí.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà lọ́kàn kí wọ́n mú iná lọ.

Lójijì ariwo náà dáwọ́ dúró. Ọ̀dọ́mọbìnrin inú fíìmù náà gbójú sókè díẹ̀díẹ̀. Kò sí kọ̀ǹpútà níbẹ̀, ojú rẹ̀ nìkan ni. Ìwò mi ni, ó ti wò mí dáadáa kó tó ṣe é. Ṣùgbọ́n nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n gbé kámẹ́rà kúrò lójú rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ọkọ rẹ̀. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, ẹ̀rín yẹn kò wá sí mi lọ́kàn rí. Ibẹ̀ ló dùn mí jù.

Ọmọ ọmọ mi figbe ta. Ó fò mọ́ mi, ó ki orí bọ àyà mi, ó di ìró mi mú.

“Màmá, ẹ má jẹ́ kó rí mi!”

Mo ń gbá a lẹ́yìn pẹ́pẹ́. Ìyá rẹ̀ ní, “Ẹ ò rí i bó ṣe fẹ́ràn yín?” Mo rí i. Ó sá fún òkú, èmi ló sì sá wá bá. Àmọ́ kí n má parọ́: ó wù mí kó jẹ́ èmi ló ń sá fún.