Òròmọdìẹ Tí Kò Wọ Bàálù

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí eyín iwájú mi méjì ti ká, tí tuntun ò sì tíì hù, kò sí ọmọ tó ń fẹlá tó mi ní àdúgbò wa n'Íjẹ̀bú-Òde. Ṣé ẹ mọ ìdí? Bàbá mi ló ń fi lọ́rì kó ẹrù tí bàálù bá já sílẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà! Ẹ̀yin tá a jọ ṣe kékeré, ẹ rántí bí bàálù ṣe jẹ́ lójú wa nígbà yẹn. Tó bá ti ń kọjá lókè, gbogbo ọmọ á sá jáde, wọ́n á máa juwọ́, wọ́n á máa pariwo pé kó bá àwọn ra búrẹ́dì bọ̀. Èmi ò ní juwọ́ o. Màá káwọ́ sẹ́yìn bí ọ̀gá, màá ní, "Ẹrù inú ìyẹn, bàbá mi ló ń lọ gbé e."

Nínú páálí tó ti bàálù wá ni màámi ń kó gàrí sí. Bébà tí wọ́n fi wé ẹrù la fi ń bo ìwé wa. Tí bàámi bá ti dé, ẹ̀yìn lọ́rì ni mo máa kọ́kọ́ sáré lọ, kí n lọ gbóòórùn ohun tó gbé. Lónìí á máa rùn bí oògùn, lọ́la bí táyà tuntun, lọ́jọ́ kan bí èso kan tó dùn débi pé mo lá pákó. Màámi lù mí dáadáa lọ́jọ́ yẹn.

Ṣùgbọ́n ẹrù tó le jù fún bàámi ni òròmọdìẹ. Ìlú òyìnbó ni wọ́n ti ń jáde nínú ẹyin. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti dé Ìkẹjà nínú páálí oníhò, ọgọ́rùn-ún nínú páálí kọ̀ọ̀kan. Bàámi á wá kó wọn lọ sí oko adìẹ màmá kan n'Íjẹ̀bú-Ìmùṣin, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì. Etí ni wọ́n fi ń wa irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá ń ké pío-pío, àlàáfíà ni. Tí wọ́n bá dákẹ́, ooru ti fẹ́ pa wọ́n nìyẹn.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé Alhaji tó ni lọ́rì ò fẹ́ kí awakọ̀ kankan tú tapólì tí wọ́n fi bo ẹrù lójú ọ̀nà, torí àwọn kan ti ń yọ nínú ẹrù ẹlẹ́rù. Bàámi ti tú u lẹ́ẹ̀kan, Alhaji sì ti kìlọ̀ fún un: "Tó o bá tún dán an wò, fi kọ́kọ́rọ́ mi sílẹ̀."

Nígbà ọlidé kan, mo sunkún ọjọ́ méjì gbáko pé mo fẹ́ bá bàámi lọ. Màámi ní, "Ẹ gbé e lọ jàre, kó lọ sunkún fún òyìnbó." Bàámi gbé mi lọ, ó sì fún mi níṣẹ́: kí n gbé etí sójú fèrèsé tó wà lẹ́yìn ìjókòó wa, kí n máa gbọ́ òròmọdìẹ. Áà! Inú mi dùn débi pé nígbà tí wọ́n ń ké pío-pío, èmi náà ń ké pío-pío, títí bàámi fi ní òun ò mọ èyí tí òun ń gbé lọ sóko mọ́.

A gba ọ̀nà Ìkòròdú. Oòrùn ń ràn bíi kó já lulẹ̀. Bá a ṣe wọ Ìbẹ̀fun báyìí, ẹ̀yìn mi dákẹ́ rọ́rọ́.

"Bàámi! Wọn ò ké mọ́!"

Ó tẹ bíréèkì. Ó ṣí fìlà, ó dé e, ó tún ṣí i. "Tí mo bá tú tapólì, iṣẹ́ lọ. Tí mi ò bá tú u, òròmọdìẹ lọ." Ó wo ojú mi, ó wo ẹ̀yìn ọkọ̀, ló bá gun òkè, ó tú u fàà!

Ẹnu àwọn òròmọdìẹ là sílẹ̀, wọ́n ń mí hẹlẹ-hẹlẹ. Bàámi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé páálí sábẹ́ igi máńgòrò. Èmi náà ní màá ṣèrànwọ́. Sálúbàtà mi gbé mi ṣubú, páálí ya, ọgọ́rùn-ún òròmọdìẹ òyìnbó dà sígboro Ìbẹ̀fun!

Ìyá àgbà kan tó ń yan gàrí ju igbá ọwọ́ ẹ̀ nù, ó sáré wá. "Níbo lẹ ti kó ìwọ̀nyí wá?"

"Bàálù ló kó wọn wá, màámi, láti ìlú òyìnbó," bàámi ń sọ̀rọ̀, ó ń lé òròmọdìẹ.

Ìyá káwọ́ lérí. "Adìẹ wọ bàálù! Èmi tí mo bí ọmọ mẹ́jọ, kẹ̀kẹ́ lásán, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gùn ún rí!"

Bàbá kan mú ẹyọ kan sọ́wọ́, ó wo ojú ẹ̀ dáadáa. "Ẹ kú ewu ọ̀nà o. Òyìnbó ńkọ́?"

Gbogbo ìlú ló bá wa ṣa á, wọ́n fi ìró, fìlà, àti asẹ́ gàrí kó o wá. Bàámi kà á, ó jẹ́ mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún. Mo rá kòrò lọ sẹ́yìn ilé ìdáná ìyá, mo sì rí ẹyọ kan níbẹ̀! Mo gbá a mú, mo sọ ọ́ sínú páálí, mo dé e. "Ó pé!" Adìẹ ńlá kan lé mi dé ìdí lọ́rì, ó ń ṣá mi lẹ́sẹ̀. Mo rò pé kò fẹ́ràn àlejò ni.

Bàámi so tapólì padà, ó ní, "Ohun tí ojú rí ní Ìbẹ̀fun, kí ẹnu má gbé e dé Ìmùṣin o." Mo ní mo ti gbọ́.

Ẹnu mi dákẹ́ lóòótọ́. Òròmọdìẹ ló tú àṣírí. Bá a ṣe dé Ìmùṣin, màmá olóko adìẹ ṣí páálí: gbogbo wọn pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ìyeyè, àfi ẹyọ kan ṣoṣo tó dúdú, tó ní tótòtó funfun lẹ́yìn. Màmá gbé e sókè, ó yọ jígí ojú ẹ̀.

"Awakọ̀, ṣé èyí náà wọ bàálù?"

Bàámi dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Èmi ti bú sẹ́kún. "Màmá, ará Ìbẹ̀fun ni! Èmi ni mo jí i gbé, mi ò mọ̀ pé ó ní ìyá! Ẹ má jẹ́ kí Alhaji gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ bàámi!" Mo ro gbogbo ẹ̀ látòkè délẹ̀.

Màmá gbé e padà sínú páálí. Ó ń ṣí páálí lọ, ọ̀kan tẹ̀ lé ọ̀kan, títí ó fi kárí. Ìgbà yẹn ló rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú ẹ̀. "Gbogbo ìgbà ni mò ń kó òkú dà nù. Lónìí, kò sí òkú kankan. Dìde, jàre. Èmi fúnra mi ni màá bá Alhaji sọ̀rọ̀. Àmọ́ ẹ lọ dá ọmọ olọ́mọ padà, kẹ́ ẹ sì bá mi wá tèmi."

Nígbà tá a padà dé Ìbẹ̀fun, ẹ ò ní gbà á gbọ́: tiwa rèé lábẹ́ apá adìẹ tó ṣá mi lẹ́sẹ̀, ó ti sùn lọ! Bàámi nawọ́ sí i, adìẹ fò mọ́ ọn lójú. Ìyá ní, "Ẹ fi sílẹ̀, ó ti mọ ìyá." Nígbà tá a sọ fún màmá, òun náà gbà. Bàálù ni wọ́n sọ orúkọ ẹ̀. Alhaji sì ní láti ọjọ́ náà lọ, kí bàámi máa tú tapólì tó bá gbọ́ ìdákẹ́jẹ́.

Ayé ti yí padà báyìí. Òròmọdìẹ kì í wọ bàálù wá mọ́, n'Íjẹ̀bú níbí ni wọ́n ti ń jáde nínú ẹyin. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí kì í juwọ́ sí bàálù, wọn kì í tiẹ̀ gbójú sókè. Èmi ni wọ́n ń juwọ́ sí! Bẹ́ẹ̀ ni o, mo ti gba láísẹ́ńsì, kọ́kọ́rọ́ lọ́rì Alhaji ti wà lọ́wọ́ mi, èmi ni mò ń lọ gbẹ́rù n'Íkẹjà! Oògùn àti irin ẹ̀rọ ni mò ń kó, ẹrù tí kì í sunkún, tí kì í sùn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí mo kọ́kọ́ dá gbẹ́rù, adìẹ funfun kan, àwọ̀ Bàálù gan-an nígbà tó dàgbà, kó ọmọ sọdá níwájú mi ní Ìbẹ̀fun, nídìí igi máńgòrò yẹn gan-an. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ ló ń fun fèrè lẹ́yìn mi. Mi ò dá wọn lóhùn. Mo pa ẹ́ńjìnnì, mo na etí síta.

Pío-pío. Àlàáfíà ni.