Aṣọ Alápá Gígùn

Ìka méjì péré ni ọmọbìnrin tó ń tajà ní bùtíìkì fi gbá apá aṣọ náà mú, ó yọ ọ́ kúrò lọ́wọ́ Ìyá Aurore bí ẹni ń yọ irun nínú ọbẹ̀. Ó wo ibi tí ọwọ́ ti kàn án. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí i. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

"Ọwọ́ mi mọ́, ọmọ mi," ni Ìyá Aurore wí.

Òótọ́ ni. Ó ti fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́ kó tó kúrò nílé, ó fi eérú fọ̀ ọ́, ó tún fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti fi ọdún mẹ́rìndínlógún pa kóró kajú, oje èèpo rẹ̀ ti bá a wọnú awọ lọ. Dúdú ibẹ̀ kì í ṣe ìdọ̀tí tí ọṣẹ lè bá jà. Nítorí rẹ̀ ló ṣe wá. Lọ́jọ́ Sátidé, Aurore àti ọkọ rẹ̀ yóò ṣègbéyàwó níwájú mẹ́rì, olórí ìlú Sábẹ, àwọn àna yóò ti Kútọnu wá. Aurore ló sọ ọ́ fún un lórí fóònù: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá nǹkan fi bo ọwọ́ yẹn."

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti ń wo rọ́ọ̀bù náà lára ère tí wọ́n fi ń pàtẹ aṣọ, láti ìta gíláàsì bùtíìkì. Apá rẹ̀ gùn dé èékánná. Owó rẹ̀ pé nídìí ìró rẹ̀. Ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà kó tó wọlé, bí ẹni ń wọ ilé àgbà.

"Bá mi bọ́ ọ lára ère, kí n wọ̀ ọ́ wò."

Faransé ni ọmọbìnrin náà fi dáhùn. Ó ní wọ́n ti rà á.

"Ta ló rà á? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i níbẹ̀ lánàá."

Ó gbé èjìká. Ó ní òun kò gbọ́ Nàgó, Yorùbá ibẹ̀, ọmọ Kútọnu lòun. Bó ti gbé èjìká ni ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ sún sókè. Àpá kan wà lọ́rùn ọwọ́ náà, ó tẹ̀ kọrọdọ bíi kóró kajú.

Ìyá Aurore mọ àpá yẹn. Lọ́jọ́ kan ní abúlé Sakin, lágbàlá Ramatou, agbada tí wọ́n fi ń yan kajú ta epo sí ọmọbìnrin Ramatou, ọmọ ọdún méje, lọ́wọ́. Ẹ̀yìn Ìyá Aurore lọ́mọ náà wà, tó ń ké, títí wọ́n fi dé ilé ìwòsàn.

"Chimène," ó pè é jẹ́jẹ́. "Ìyá rẹ ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ńkọ́?"

Ọmọbìnrin náà fa ẹ̀gbà sọ̀kalẹ̀, ó fi bo àpá náà. Ó tún sọ Faransé: ìyá ti ṣi èèyàn mú, ọ̀nà nìyẹn.

"Ṣé Faransé náà lo fi ń bá Ramatou sọ̀rọ̀? Àbí wọ́n ń ta ìyá ní Kútọnu, o wá ra òmíràn?"

Gíláàsì ẹnu ọ̀nà ṣí. Obìnrin kan wọlé tòun ti bàtà gogoro. Ó fi ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ níta, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì ń kùn. Kíá ni orúnkún Chimène tẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o, Madáàmù! Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta! Ẹ jókòó, kí n gbé omi tútù wá." Nàgó Sakin pọ́ńbélé ni, ó ń ṣàn.

"Mi ò jókòó. Èyí tí ère wọ̀ yẹn, ṣé yóò gbà mí?"

"Háà, ẹ̀yin gan-an ni mo fi í pamọ́ dè!" Ó ti ń bọ́ ọ.

Madáàmù yí ojú, ó rí obìnrin aláìwọ bàtà tó dúró. Ó rẹ́rìn-ín. "Èyí ńkọ́? Ìyá rẹ ni?"

Chimène náà rẹ́rìn-ín. Tirẹ̀ ròkè jù. "Ẹ̀yin náà, Madáàmù! Níbo? Èmi ò tilẹ̀ mọ Ìyá Aurore rí."

Kò sẹ́ni tó tíì pe orúkọ náà nínú ilé yẹn láti àárọ̀.

Aṣọ wà lọ́wọ́ Chimène, apá rẹ̀ méjèèjì ń fì.

"Aurore wo?" ni Madáàmù béèrè.

Ìyá Aurore tún ìró rẹ̀ so. Ó jáde, ó bẹ̀rẹ̀, ó wọ bàtà rẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Ó káwọ́ sẹ́yìn, ó gba ẹ̀gbẹ́ ojú irin, ó ń lọ.