Ìdúpẹ́ Àná Lórí Fóònù

N kò mọ bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀ lórí fóònù. Ohun tí mo sọ fún ọmọbìnrin mi àgbà nìyẹn, ní ọjọ́ tí ó ní kí n fi áàpù tí a fi ń gba owó ọjà tọrọ owó lọ́wọ́ àwọn tí n kò mọ̀ rí. Inú bí i. Inú bí èmi náà. A jókòó nínú yàrá wa ní àdúgbò Banifandou, a kọ ẹ̀yìn síra wa, bàbá rẹ̀ sì wà láàárín wa, ó ń fi ọwọ́ táràrà wá ife omi tí ó wà níwájú rẹ̀ gan-an.

Torí ojú bàbá yìí, ọkọ mi, ni gbogbo ìjà náà. Aránṣọ ni. Láti ìgbà tí a ti kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí Niamey ni èmi ti ń ta aṣọ ní ọjà Katako, tí òun sì ń rán an. Bí oníbàárà bá ra aṣọ lọ́wọ́ mi, n ó ní kí ó yà lọ́dọ̀ bàbá kan báyìí tí ó mọ iṣẹ́, n kò sì ní sọ pé ọkọ mi ni. Nígbà tó yá, nǹkan funfun bẹ̀rẹ̀ sí í bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì. Ó kọ́kọ́ fi pa mọ́. Ó ní òwú tí wọ́n ń tà lóde òní ni kò dára, pé kì í wọ abẹ́rẹ́. Ó ní iná ni kò mọ́lẹ̀ tó. Ọjọ́ tí ó rán àpò àyà mọ́ ẹ̀yìn aṣọ oníbàárà ni mo gba àlùmọ́gàjí lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bínú títí ilẹ̀ fi ṣú, ṣùgbọ́n kò béèrè rẹ̀ padà.

Dókítà ojú kan wà tí ó máa ń wá láti ibòmíràn sí ilé ìwòsàn kan ní ìlú yìí, tí ó máa ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ó tó padà. Ó yẹ ojú ọkọ mi wò, ó ní yóò ríran bí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ojú ọ̀tún ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ti òsì ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ó ní tí a bá jẹ́ kí ó pẹ́ sí i, iṣẹ́ náà yóò le, òun kò sì mọ ìgbà tí òun yóò tún wá. Àwọn ará wa nínú ọjà dá ohun tí agbára wọn ká. Àwọn ará ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́ náà fi tiwọn ránṣẹ́. Síbẹ̀ owó kò pé fún ojú kan, ká má tíì sọ ti èkejì.

Ìgbà yẹn ni ọmọ mi tọ́ka sí fóònù mi. Gbogbo ẹni tó ti ra aṣọ lọ́wọ́ mi rí, tó fi fóònù sanwó, ni nọ́ńbà rẹ̀ wà níbẹ̀.

"Màmá, ẹ kàn fi demande, ìbéèrè owó, ránṣẹ́ sí wọn. C'est simple, kò le rárá."

Ó ṣe é kí n rí i. Iye owó á jáde lójú fóònù onítọ̀hún, ibi méjì á sì wà tí ó lè tẹ̀, bóyá kí ó san án tàbí kí ó kọ̀ ọ́. Ó parí.

"Ìkíni ńkọ́?" ni mo bi í.

"Kò sí place fún ìkíni níbẹ̀, Màmá."

Ẹ wá wo nǹkan. Bí mo bá fẹ́ tọrọ nǹkan lọ́wọ́ èèyàn ní ìlú yìí, ilé rẹ̀ ni n ó lọ. N ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. N ó béèrè àlàáfíà ilé, ti àwọn ọmọ, ti ooru, ti àárẹ̀ iṣẹ́, òun náà á béèrè tèmi, a ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ilé. Àwọn Zarma tó ni ìlú yìí kì í fi ìkíni ṣeré, àwa náà kì í fi ṣeré, bóyá ohun tó jẹ́ kí ara wa tètè mọlé níbí nìyẹn. Ẹ̀yìn gbogbo rẹ̀ ni n ó tó sọ ohun tí ó gbé mi wá, n ó sì máa wo ojú rẹ̀ bóyá kí n dín in kù. Ti fóònù yìí dà bí ìgbà tí èèyàn bá ti ọwọ́ bọ àpò ẹlòmíràn láti ẹ̀yìn.

A jà sí i díẹ̀, lẹ́yìn náà a gbà fún ara wa. N ó kọ́kọ́ fi ohùn ara mi ránṣẹ́ sí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní Hausa, tí mo gbọ́ ju Zarma lọ. N ó kí i dáadáa. N ó dárúkọ aṣọ tí ó rà bí mo bá rántí, n ó sì júwe ìsọ̀ mi ní Katako, lẹ́yìn àwọn tó ń ta pákó, kí ó lè wá wò mí bóyá gbájú-ẹ̀ ni mí. N ó sọ ti ojú ọkọ mi. N ó ní tí kò bá rọrùn, kò sí ìbínú, kí ó ṣáà fi àdúrà ràn wá lọ́wọ́. Ọmọ mi ní ó ti gùn jù. Mo ní kò gùn.

Àwọn kan kò dáhùn, n kò sì dá wọn lẹ́bi, torí èmi náà kì í dá ẹni tí n kò mọ̀ lóhùn. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ṣe bẹbẹ. Obìnrin kan sọ pé, "Allah ya sawwake, Mama," pé kí Ọlọ́run mú un rọrùn, owó kékeré sì tẹ̀ lé e. Bàbá kan ní àdúgbò Koira Kano, tí ó ra aṣọ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mi, tí mo gbé e dé ilé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ló fi èyí tí ó pọ̀ jù ránṣẹ́. Kò sọ nǹkan kan. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, owó ojú ọ̀tún ti pé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún. Àwọn èèyàn tí kò tilẹ̀ mọ orúkọ mi ni o.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí a tó gbéra lọ sí ilé ìwòsàn, mo ṣe ohun tí ìyá mi kọ́ mi. Bí èèyàn bá ṣe ọ́ lóore lónìí, tí ilẹ̀ ọ̀la bá mọ́, o gbọ́dọ̀ tún lọ sọ pé ẹ ṣé àná o. Aláìmoore nìkan ló ń jí tí kì í sọ ọ́. Mo bá tún fi ohùn ránṣẹ́ sí gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo kí wọn, mo dúpẹ́ oore àná, mo ní òní gan-an ni wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ náà, mo sì gbàdúrà pé kí Ọlọ́run fi kún àpò wọn. Ara mi wá fúyẹ́.

Ọkọ mi wà nínú yàrá iṣẹ́ abẹ nígbà tí fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Obìnrin tó gbàdúrà lánàá ní, "Mama, mo ti fún yín lánàá, kò sí mọ́." Ẹlòmíràn ti dí mi pa, ohùn mi kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. Bàbá Koira Kano tún fi iye owó kan náà ránṣẹ́, ó sì kọ gbólóhùn kan mọ́ ọn ní Faransé. Ọmọ mi kà á fún mi: ó ní ìgbà ìkẹyìn nìyí.

"Màmá, wọ́n rò pé ẹ tún ń tọrọ ni," ni ọmọ mi wí. Níbí ni wọ́n bí i sí, ó mọ̀ wọ́n jù mí lọ. Ó ní lójú tiwọn, a ti dúpẹ́ lánàá, a ti ṣàdúrà, ó ti tán. Ẹni tó bá tún jí wá sọ ọ̀rọ̀ owó àná, ọwọ́ òní ló ń nà.

Ojú tì mí gan-an. Síbẹ̀, owó náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ojú òsì. Èmi mọ̀ ọ́n, ọmọ mi mọ̀ ọ́n, kò sẹ́ni tó sọ ọ́ nínú wa. Mo ń wo ilẹ̀kùn tí wọ́n gbé ọkọ mi gbà wọlé, ọkàn mi ń sọ fún mi pé n kò kúkú ja owó náà gbà, bàbá náà fúnra rẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́.

Ìgbà tí a délé, tí wọ́n ti fi aṣọ funfun bo ojú ọ̀tún náà, ni mo tó sọ fún ọkọ mi. Ó ní kí a dá owó náà padà. Ọmọ mi ní kò le, òun á kàn tẹ̀ ẹ́, á sì padà.

"Kí bàbá náà wá rò pé à ń bínú ni?" ni ọkọ mi wí. "A ó lọ ilé rẹ̀."

Mo ní kí ó sùn. Ó ti ń fi ọwọ́ wá bàtà rẹ̀ kiri ilẹ̀.

Orí ẹní ni a bá bàbá náà lágbàlá rẹ̀. Ó dá wa lóhùn, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín. Mo kúnlẹ̀. Ọkọ mi fẹ́ dọ̀bálẹ̀, mo sáré di aṣọ rẹ̀ mú, torí dókítà ní kò gbọdọ̀ tẹ orí ba. Ó bá dúró ṣánṣán bí ọlọ́pàá, ó ń bẹ̀bẹ̀ pé ní ilé wa ìwọ̀sí ni irú ìdúró yìí. Lẹ́yìn ìkíni, mo ṣàlàyé. Mo ní a kò tọrọ nǹkan kan lẹ́ẹ̀kejì. Mo ní bí àwa ṣe ń ṣe ni, pé bí mo bá tún rí i lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mo ṣì lè dúpẹ́, kí ó jọ̀ọ́ má sá fún mi. Mo ní a gbé owó rẹ̀ padà wá.

"Ẹ ti gba nǹkan tán," ni ó wí, "ẹ sì tún ń padà wá dúpẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Àlhájì."

Ó fi ọwọ́ nu ojú. Ó ní inú fùfù ni òun fi rán owó ẹlẹ́ẹ̀kejì náà, pé òun ti sọ fún ìyàwó òun pé obìnrin aláṣọ yẹn ti sọ òun di kànga. "Ẹ fún mi padà," ni ó wí. Ọmọ mi tẹ̀ ẹ́ lójú ẹsẹ̀, fóònù rẹ̀ sì dún. Kí n má parọ́, ọkàn mi bà jẹ́ díẹ̀. Ojú òsì ló lọ yẹn.

Bàbá náà gbé fóònù sílẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kí wa bí ẹni pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni, ilé, àwọn ọmọ, ooru, àárẹ̀. Ó béèrè bí iṣẹ́ abẹ náà ti lọ. Ó béèrè ti ojú kejì. Ọkọ mi ní Ọlọ́run ló mọ ìyẹn. Bàbá náà béèrè ìgbà tí dókítà máa lọ, mo sọ fún un. Ó tún mú fóònù rẹ̀, ó rọra tẹ̀ ẹ́, tèmi sì dún lọ́wọ́ ọmọ mi.

"Èyí kì í ṣe ti ìbínú," ni ó wí. "Inú mi dùn sí i."

Mo kúnlẹ̀ níbẹ̀. Títí di òní, bí mo bá rántí ẹní yẹn, ó máa ń ṣe mí bíi kí n tún kúnlẹ̀. Mo pè é ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ó ní òun ti ń retí mi.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni dókítà ṣí ojú ọ̀tún náà. Ọkọ mi ṣẹ́jú. Ó wo ògiri, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó wá wò mí.

"Ìyá wọn," ni ó wí, "o mà ti dàgbà o. Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi?"

Mo bi í bóyá ó rò pé ọ̀dọ́ lòun. Ó di ọwọ́ mi mú níwájú dókítà, ohun tí kò ṣe rí láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, ó ní kí n máa rọra tọ́jú ara mi, pé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ òun máa fi méjèèjì wò mí.