Ọjọ́ Tí Tíṣà Mi Ní Kí A Má Bínú

Ọjọ́ tí tíṣà tó kọ́ mi ní kékeré wá sí kíláàsì mi ní Ọyẹ́-Èkìtì ni n kò lè gbàgbé.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì. Wọ́n ṣe áàpù kan tí àgbẹ̀ fi lè mọ ìgbà tí òjò máa rọ̀. Ó dùn ún wò, mo sì fún wọn ní máàkì tó ga. Lẹ́yìn náà ni mo ní kí afọ́jú dán an wò.

Tíṣà gun ọ̀kadà wá láti Ìtàjí. Kí ojú rẹ̀ tó fọ́, òun ló kọ́ mi ní ìwé kíkà, kì í sì í jẹ́ kí á pe ẹnikẹ́ni ní olódo. Fóònù rẹ̀ ló máa ń ka ohun tó bá fọwọ́ kàn sí i létí. Ó fọwọ́ kan áàpù wa. Fóònù ní, "Bọ́tìnì." Ó fọwọ́ kan ibòmíràn. "Bọ́tìnì." Àwòrán òjò àti oòrùn nìkan la yà síbẹ̀, a kò kọ orúkọ tí fóònù lè kà. Tíṣà nu ìka rẹ̀ mọ́ aṣọ, ó tún gbìyànjú. "Bọ́tìnì."

Ó rẹ́rìn-ín sí ògiri. "Ẹ má bínú, ẹ̀yin ọmọ mi. Uṣẹ́ yín dáa. Èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n lò."

Ó yẹ kí n sọ pé èmi ni mo jẹ̀bi. "Ẹ ṣeun, sà" nìkan ló jáde lẹ́nu mi.

A tún áàpù náà ṣe. Nígbà tí mo fi máa gbé e dé Ìtàjí, wọ́n ti sin Tíṣà. Ó lọ sọ́run pẹ̀lú èrò pé òun ni olódo.