Bẹ́líìtì Sójà Tó Wà Nínú Gíláàsì

Bẹ́líìtì bàbá bàbá mi ti wà nínú gíláàsì báyìí, ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kékeré kan ní Yábàá. Awọ ni, ó fẹ̀ tó ìka mẹ́ta, orí rẹ̀ jẹ́ idẹ. Òun ni Bàbá àgbà dè mọ́ ìdí nígbà tí àwọn òyìnbó kó wọn lọ sógun Bọ́má. Nígbà tó padà dé Ògbómọ̀ṣọ́, òun nìkan ló kù lọ́wọ́ rẹ̀ nínú gbogbo ohun tí wọ́n fún un. Nígbà tó kú, ó di ti bàbá mi.

Télọ̀ ni bàbá mi, Àgùdà la sì ń gbé, yàrá kan àti pálọ̀. Ó fi bẹ́líìtì náà kọ́ ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ní gbogbo Sátidé, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó fi ọdún mẹ́ta jù mí lọ, la máa ń fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ idẹ náà títí yóò fi máa dán. Bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá ṣẹ̀, bàbá mi kì í pariwo. Yóò kàn ní, "Lọ kí bàbá mi." Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí o lọ mú bẹ́líìtì wá fúnra rẹ, kí o kúnlẹ̀, kí o fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Bí ọwọ́ rẹ bá gbọ̀n, yóò ní kí o dá a padà, kí o tún gbé e wá.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí mo jó ṣòkòtò oníbàárà kan. Bàbá mi lọ ra òwú ní Òtò, ó fi áyọ́ọ̀nù eléèédú sílẹ̀, mo sì fẹ́ fi hàn pé mo mọ̀ ọ́n lò. Ẹsẹ̀ ṣòkòtò náà kan jó, ó lu. Nígbà tó dé, tó bi wá pé ta ni, ẹ̀gbọ́n mi ni mo nawọ́ sí. Mo rò pé yóò ní irọ́ ni. Kò sọ nǹkan kan. Ó wò mí, ó sì lọ kí bàbá bàbá wa.

Lọ́jọ́ náà, ibi awọ ni bàbá mi dì mú, ó fi ibi idẹ sísàlẹ̀. Ìkíní bà á lẹ́yìn. Nígbà tó ju ìkejì, ẹ̀gbọ́n mi yẹ̀ ẹ́, idẹ náà gbá ògiri débi tí igun rẹ̀ kan fi wọnú. Ìyẹn ló múnú bí bàbá mi. Ìkẹta ba ẹ̀gbọ́n mi létí òsì. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, mo ń wo ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn wọ ọrùn aṣọ rẹ̀, ohun tó sì wà lọ́kàn mi ni pé kì í ṣe èmi.

Ìyá wa lọ ra oògùn ní kẹ́mísì. Wọn ò gbé e lọ sọ́sibítù, torí pé dókítà á béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Etí yẹn kò gbọ́ràn mọ́. Bàbá mi ní ó ń díbọ́n ni. Tó bá pè é láti apá òsì tí kò dáhùn, yóò tún ní kó lọ kí bàbá òun.

Lọ́dún tó kọjá, obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé yẹn wá sí Àgùdà, ó ń wá ohun èlò àwọn sójà àtijọ́. Bàbá mi ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Tayọ̀tayọ̀ ló fi yọ bẹ́líìtì náà fún un. Nígbà tí obìnrin náà béèrè ohun tó ṣe igun idẹ, bàbá mi ní ọta ìbọn ló bà á ní Bọ́má, pé bẹ́líìtì náà ló gba ẹ̀mí bàbá òun là. Obìnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀. Mo wà níbẹ̀, mi ò sì sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí àfihàn bẹ́líìtì náà fún aráyé, gbogbo wa lọ. Wọ́n gbé àga fún bàbá mi níwájú. Ẹ̀gbọ́n mi ka ohun tí wọ́n kọ nípa ọta ìbọn lẹ́ẹ̀mejì. Obìnrin ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà dúró sí apá òsì rẹ̀, ó bi í tẹ̀ríntẹ̀rín ohun tó rántí nípa bẹ́líìtì yìí. Ẹ̀gbọ́n mi kò gbọ́. Bàbá mi ló dáhùn.

Ó ní, "Ẹ má da ara yín láàmú, adití ni."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín díẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó yá, ẹ̀gbọ́n mi jáde, mo lọ bá a níta. Mo dúró sí apá ọ̀tún rẹ̀, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni mo jó ṣòkòtò yẹn."

"Mo mọ̀," ló wí. "Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń retí pé wàá sọ ọ́."

Ó bi mí bóyá mo lè wọlé lọ sọ ọ́ fún Bàbá níwájú gbogbo èèyàn. Mo ní Bàbá ti dàgbà. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ wọkọ̀ ní Jíbówú padà sí Ìbàdàn tó ń gbé.

Lọ́sẹ̀ kejì, mo padà lọ sọ bí idẹ náà ṣe wọnú fún obìnrin yẹn. Ó gbọ́ mi tán, ó ní ohun tí bàbá mi sọ làwọn kọ, àfi tí bàbá mi fúnra rẹ̀ bá yí i padà. Mo bá lọ sí Àgùdà. Bàbá mi ń mu ẹ̀kọ. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, tòun ti ọ̀rọ̀ ṣòkòtò. Kò yà á lẹ́nu. Ó ní òun mọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an pé èmi ni, torí pé ẹ̀gbọ́n mi kì í fọwọ́ kan áyọ́ọ̀nù òun.

Mo ní, "Kí ló wá dé tí ẹ nà án?"

"Kí ló dé tí kò sọ̀rọ̀?" Ó sì ń bá ẹ̀kọ rẹ̀ lọ.

Mi ò tíì mọ bí mo ṣe máa sọ ìyẹn fún ẹ̀gbọ́n mi. Ó ti di oṣù mẹ́jọ tí kò gbé fóònù mi.