Ikán Ní Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bernadette

Wọ́n ní Igbẹ́kọ̀yí ń fi ikán ṣe ohun ọ̀sìn. Oko-Akarè ni ọ̀rọ̀ náà ti gbéra; nígbà tó fi máa dé Kpoulou, ó ti hu ìyẹ́, ó ti hu ìrù. Wọ́n ní ó ń bá wọn sọ̀rọ̀ láràárọ̀. Wọ́n ní ìyàwó rẹ̀ tó ti kú ló ń gba ẹnu wọn dá a lóhùn. Wọ́n ní bí o bá kọ̀ tí o kò pè é síṣẹ́, yóò rọra ṣí àpò rẹ̀ lẹ́yìn ògiri rẹ lọ́jọ́ kan, ìyókù á di ọwọ́ ikán. Kò yẹ kí ẹni tó ń jẹ Ara Olúwa gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́, a kò sì gbà á gbọ́. Àmọ́ bí ó bá ń bọ̀ lórí alùpùpù rẹ̀, àpò yẹn la kọ́kọ́ ń wò ká tó kí i.

Irọ́ náà ní egungun òótọ́ kan nínú ṣá. Ikán wà nílé Igbẹ́kọ̀yí. Ó mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀, ó mọ ibi tí wọ́n gbà wọlé, ó mọ ohun tí wọ́n ń jẹ, kò sì ṣe nǹkan kan sí i. Bẹ́ẹ̀, òun ni gbogbo agbègbè Adja-Ouèrè ń ránṣẹ́ pè bí ikán, eku tàbí aáyán bá sọ ara wọn di onílé.

Iṣẹ́ rẹ̀ kì í ya èèyàn lẹ́nu. Ohun táwọn èèyàn ń fẹ́ ni kí ẹni tó wá lé kòkòrò gbé ike oògùn kọ́ ẹ̀yìn, kó bo imú, kó fọ́n nǹkan tó ń rùn tó bẹ́ẹ̀ tí wọn á fi sá jáde; wọn á máa wúkọ́, wọn á sì gbà pé iṣẹ́ ti ṣe. Igbẹ́kọ̀yí ní tirẹ̀ á ká ṣòkòtò sókè, á lóṣòó sídìí ògiri, á máa fi tọ́ọ̀ṣì yọjú wo ihò. Ó fẹ́ mọ ibi tí wọ́n ń gbà wọlé, ohun tí wọ́n ń jẹ, ibi tí wọ́n ti ń mu omi. Oògùn ló máa ń kẹ́yìn, bí ọ̀rọ̀ bá tiẹ̀ débẹ̀ rárá.

Lọ́jọ́ tó lọ sí ilé Oyèbánjí aránṣọ ní Ikpinlè, eku ti jẹ apá aṣọ tí ìyàwó ọ̀gá ilé ìwé kó wá rán.

"Bàbá Romaric, oògùn dà?" Oyèbánjí fi orúkọ ọmọ pe Igbẹ́kọ̀yí.

"Ẹ jẹ́ kí n wò ó ná."

"Ẹ ti ń wò ó láti ìgbà tí mo ti jẹun àárọ̀."

"Ta ló gbin máńgòrò yìí?"

"Bàbá mi ni. Kí ló kan bàbá mi nínú ọ̀rọ̀ eku?"

"Ẹ̀ka rẹ̀ tó sùn sórí páànù ló di afárá fún wọn. Ẹ gé e. Ẹ gbé àgbàdo yẹn kúrò lábẹ́ ibùsùn. Igi ìdáná tí ẹ tò ti ara ògiri, ẹ gbé e jìnnà sílé. Kí ẹ wá bá mi wá sìmẹ́ńtì díẹ̀, kí n dí ihò yìí."

"Gbogbo rẹ̀ nìyẹn?"

"Ó kù kí ẹ máa gbálẹ̀ kí ẹ tó sùn."

Oyèbánjí ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wá rán aṣọ pé òun ránṣẹ́ pe ẹni tó ń pa eku, ìyá ìyàwó òun ni wọ́n rán sí òun. Àmọ́ ó gé ẹ̀ka náà. Eku dín kù. Nígbà tó tún pariwo pé òun ṣì rí ẹyọ kan, Igbẹ́kọ̀yí ní, "Ẹ fẹ́ kó tán pátápátá? Nóà tí Ọlọ́run fúnra Rẹ̀ rán níṣẹ́, ó ṣì kó méjì wọ ọkọ̀."

Oògùn tí wọ́n ṣe fún oko òwú, tí wọ́n ń tà lábẹ́lẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ fọ́n ọn sínú yàrá, kò jẹ́ kó wọ àpò rẹ̀ rí. Ó ti rí adìẹ tó ṣa ikán tí wọ́n fi í pa jẹ, tí adìẹ náà sì kú. Ó ti rí ajá tó jẹ adìẹ náà. Ibẹ̀ ló máa ń dá ìtàn náà dúró sí. Kì í sọ ẹni tó jẹ ajá.

Bernadette ìyàwó rẹ̀ ló máa ń fi ìtàn yẹn bú u pé ó ń ba oúnjẹ jẹ́ mọ́ àlejò lẹ́nu. Epo pupa ni Bernadette ń ṣe tà, owó epo ló sì fi kọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn ní Oko-Akarè, tó gbòòrò, tí afẹ́fẹ́ ń gbà á láti ìhà méjèèjì. Ibà mú un lẹ́yìn Àjíǹde ọdún tó kọjá. Ọjọ́ tí gbogbo èèyàn rò pé ara rẹ̀ ti ń yá ló lọ.

Igbẹ́kọ̀yí kò sunkún. Kì í ṣe pé ó mú ọkàn le. Ńṣe ni gbogbo ara rẹ̀ rí bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí dókítà eléyín gún lábẹ́rẹ́: ó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, ó lè fọwọ́ kàn án, kò kàn mọ̀ ọ́n lára ni. Ó kí àwọn tó wá kí i. Ó bá wọn wá àga. Nígbà tí wọ́n ní kó jẹun, ó jẹun. Àwọn kan ní, "Ọkùnrin ni." Àwọn kan kàn wo ara wọn lójú.

Àwọn ẹbí Bernadette ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ kọ́ ni yóò sùn sí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Àkàndé, tó fi ọkọ̀ akẹ́rù jẹun títí ojú rẹ̀ fi kọ̀ fún un, ló lọ gbé pósí wá láti Àjàṣẹ́. Pósí náà ń dán débi pé o lè fi wo ojú, irin ìdìmú rẹ̀ ń tàn bí wúrà, àwọn obìnrin ń sọ pé ó jọ nǹkan tó yẹ kéèyàn fi ṣe ìgbéyàwó. Igbẹ́kọ̀yí jáde wá wò ó. Bí ìka rẹ̀ ṣe máa ń ṣe sí gbogbo pákó, ó kàn án kó, kó, ó sì gbọ́ ohùn igi funfun tó rọ̀, tí wọ́n fi ọ̀dà bò lójú. Ó gbọ́ ọ, kò rò ó síwájú. Móńpẹ̀, àlùfáà ìjọ, wọ́n omi mímọ́, wọ́n gbé e sọ̀ kalẹ̀ sínú sàréè tí wọ́n gbẹ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n sì tẹ́ kárò funfun, òkúta pẹlẹbẹ tó ń dán, sójú ilẹ̀ kó lè rọrùn láti nù.

Nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ dé, Igbẹ́kọ̀yí ń gbálẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó rí i. Amọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan, tí kò nípọn ju okùn ìsáṣọ lọ, yọ láti etí kárò, ó gun ògiri, ó kọjá lára férémù fèrèsé, ó forí lé òrùlé. Bí ó bá jẹ́ ilé ẹlòmíì ni, ì bá ti sọ ohun tó fà á kó tó tẹ ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Ó fi èékánná ṣí amọ̀ náà díẹ̀. Àwọn ikán funfun náà dàrú, wọ́n sá síbí, wọ́n sá sọ́hùn-ún, lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe. Ó fa àga, ó jókòó, ó ń wò wọ́n.

Bẹ́ẹ̀ ló di ohun tó ń ṣe láràárọ̀. Á ṣí i níbì kan, wọ́n á dí i. Obìnrin kan tó wá yá asẹ́ bá a níbẹ̀, ó dojú kọ ògiri, ẹnu rẹ̀ ń mì. "Mo kí ọ Màríà" ló ń kà, torí àsìkò yẹn ni Bernadette máa ń kà á, ẹnu sì ń ṣe é fúnra rẹ̀. Obìnrin náà kò dúró de "Àmín." Kò tilẹ̀ gba asẹ́ mọ́. Ibẹ̀ ni òkìkí náà ti rí ẹsẹ̀ rìn.

Igbẹ́kọ̀yí ń lọ síṣẹ́ lójoojúmọ́, ó ń sọ fún àwọn èèyàn ní Kpoulou àti Ikpinlè pé, "Ẹ mú oúnjẹ wọn kúrò, wọ́n á lọ." Á padà sílé nírọ̀lẹ́, á gba iwájú ògiri yẹn kọjá, á lọ sùn. Ó mọ̀ dájú pé bí kò bá ṣe nǹkan, òrùlé náà á wálẹ̀. Ó mọ̀ bí ẹní mọ̀ pé ọ̀la ni Sátidé.

Ẹniọlá ọmọ rẹ̀ obìnrin ló fa ọ̀rọ̀ náà síta. Ó wá láti Kútọnu pẹ̀lú ọmọ jòjòló rẹ̀ kó lè sinmi lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Lọ́jọ́ tó fẹ́ ṣí fèrèsé, férémù náà wó sí i lọ́wọ́ bí búrẹ́dì tó ti pẹ́. Ó wo inú rẹ̀, ó wo bàbá rẹ̀, ó sì pe Romaric ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù. Nígbà tí Mísà ọjọ́ Àìkú parí, Romaric ti dé, ó gbé bidọ́ọ̀ oògùn òwú kan dání, ike ńlá tó kún dé ẹnu. Àkàndé náà dé, torí kò sí ìpàdé tí wọ́n ń ṣe lórí àbúrò rẹ̀ tí kò ní gbọ́.

"Bàbá, ọ̀rọ̀ yìí ò le," Romaric ní. "A máa lu ihò sáàárín kárò, a máa da gbogbo bidọ́ọ̀ yìí sí i. Ó parí."

"Orí ìyá rẹ lo fẹ́ da májèlé sí?" Àkàndé ní.

"Orí ikán ni, Bàbá Àkàndé."

"Ikán wo? Kì í ṣe ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti wá. Pósí tí mo rà yẹn, ikán kankan ò lè fi eyín kàn án. Ẹni tó tà á fún mi búra."

"Ẹni tó ń ta pósí ò ṣe ní búra?" Ẹniọlá ní. "Ta ló fẹ́ padà wá bá a jà?"

Romaric bú sẹ́rìn-ín, ó rántí ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà, ó dákẹ́. Ọmọ Ẹniọlá ń rá bọ̀ lórí kárò funfun náà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbá a, ó sì kó ìka sẹ́nu. Igbẹ́kọ̀yí bẹ̀rẹ̀, ó gbé e sórí itan.

"Bàbá," Ẹniọlá ní, "ẹ ò sọ nǹkan kan. Bó bá jẹ́ ilé Oyèbánjí aránṣọ nìyí, kí lẹ máa ní kó ṣe?"

Igbẹ́kọ̀yí wo ìlà amọ̀ tó wà lára ògiri.

"Màá ní kó mú oúnjẹ wọn kúrò."

"Oúnjẹ wo?" Àkàndé bi í.

"Pósí ni, Ẹ̀gbọ́n. Igi funfun ni. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń jáde wá. Bí a bá da oògùn, èyí tó wà lókè á kú, àwọn mìíràn á tún gba ìsàlẹ̀ wá bá oúnjẹ, a ó tún da òmíràn, ọmọ yìí á sì máa lá a. Ká gbé Bernadette kúrò níbí. Ilẹ̀ ìsìnkú ìjọ wà."

Ohùn rẹ̀ kò yí padà. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló ṣe máa ń sọ pé kí wọ́n gé ẹ̀ka máńgòrò.

Àkàndé dìde. "Èmi? Èmi ni mo gbé oúnjẹ fún ikán? Igbẹ́kọ̀yí, o fẹ́ hú àbúrò mi bí ẹní hú iṣu?"

"Mi ò bú yín."

"Kí lo wá ṣe? Gbogbo Oko-Akarè ló rí pósí yẹn!"

"Òun náà ni ikán rí," Ẹniọlá ní.

"Ẹniọlá!" Romaric ní. "Bàbá, ẹ jẹ́ ká da oògùn yìí. Ìwọ, gbé ọmọ rẹ padà sí Kútọnu títí á fi gbẹ."

"Kí bàbá wá máa dá sùn nínú ẹ̀? Oògùn yẹn ò mọ ikán yàtọ̀ sí èèyàn!"

"Ẹní àti aṣọ funfun ni a ó fi wé e," Igbẹ́kọ̀yí ní. "Òun náà ni wọ́n fi sin bàbá yín, Ẹ̀gbọ́n. Ní ilẹ̀ ìjọ, kò sí òrùlé tí ikán máa gùn."

"Ẹní! Kí wọ́n gbọ́ dé ìlú Pobè pé ẹní ni mo fi sin àbúrò mi lẹ́ẹ̀kejì!" Àkàndé nawọ́ sí i. "Ta ló tiẹ̀ máa gbẹ́ ẹ? Ìwọ? Ìwọ tí omi kan ò bọ́ lójú rẹ lọ́jọ́ tí a sin ín, ìwọ ló máa dúró kí wọ́n ṣí i lójú rẹ?"

Romaric wolẹ̀. Igbẹ́kọ̀yí dúró de ọ̀rọ̀ náà kó dùn ún. Ó mọ̀ pé ó yẹ kó dùn ún. Ó wo ọmọ tó wà lórí itan rẹ̀, ó fi etí aṣọ nu ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì gbé e fún ìyá rẹ̀.

"Èmi ni," ó ní.

"Ìwọ ni kí ni?"

"Èmi ni mo máa gbẹ́ ẹ. Kò yẹ ká fi rán ẹlòmíì."

"Kò sí Móńpẹ̀ tó máa gbà á! Kò sí! Bí wọ́n bá tiẹ̀ gbà á, kì í ṣe ẹní. Mo ti wí. A ó wá ìrókò..."

"Bàbá Àkàndé, ìrókò níbo?" Romaric ní. "Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ní a ò gbọdọ̀ hú u."

"A ò gbọdọ̀ hú u! Àmọ́ bí a bá máa hú u..."

Igbẹ́kọ̀yí ti wọ bàtà. Ẹniọlá tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà, ọmọ ń bẹ ní ìbàdí rẹ̀.

"Bàbá, níbo? A ò tíì parí ọ̀rọ̀."

"Ọ̀dọ̀ katẹṣíìsì, ẹni tó ń bójú tó ilẹ̀ ìsìnkú. Kó fi ibi tí màá gbẹ́ hàn mí kó tó lọ sun oorun ọ̀sán."

"Ẹ dúró kí Bàbá Àkàndé sọ̀rọ̀ tán."

"Á pẹ́," Igbẹ́kọ̀yí ní.

Ó ti alùpùpù náà kúrò nínú òjìji. Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, Àkàndé ti fi ìrókò sílẹ̀, ó ti bọ́ sórí igi apá, Romaric ń pariwo pé sìmẹ́ńtì ni kí wọ́n fi mọ sàréè náà, Àkàndé ń bi í bóyá kànga ni wọ́n fẹ́ gbẹ́ fún àbúrò òun, ìyẹn ń dá a lóhùn, Igbẹ́kọ̀yí sì ta ẹsẹ̀ sí alùpùpù, ó gba ojú ọ̀nà.